Ọ̀bẹ Inú Àpò

Ní ọdún 1890, ní Albiez-le-Vieux, lórí àwọn òkè Savoie ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlógún kan tí ó ń jẹ́ Joseph Opinel wọ inú àgbẹ̀dẹ baba rẹ̀, ó sì rọ ọ̀bẹ kékeré kan. Àáké àti àwọn irin iṣẹ́ oko mìíràn ni baba rẹ̀ ń rọ ní tirẹ̀. Ọ̀bẹ tí ọmọ rọ yìí kò ní ohun ìyanu kan lára: irin pẹlẹbẹ kan, igi róbótó kan tí a la ojú rẹ̀ gbọọrọ, àti ìṣó kan tí ó so méjèèjì pọ̀. Bí ẹni tí ó ni ín bá lò ó tán, yóò ká irin náà sínú igi, yóò jù ú sí àpò, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi di 1897, Opinel ti ń ṣe é ní ìwọ̀n méjìlá, láti orí nọ́ńbà 1 tí ènìyàn lè so mọ́ kọ́kọ́rọ́ dé orí nọ́ńbà 12 tí ó tó ọ̀bẹ ilé ìdáná. Ní 1909 ó fi àmì kan sí i lára, èyí tí ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní: àtẹ́lẹwọ́ kan tí ó na ìka sókè, pẹ̀lú adé lórí rẹ̀. Adé náà ń rán wọn létí àwọn tí ó jọba lé Savoie lórí láyé àtijọ́. Ọwọ́ náà sì ni ọwọ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi, ẹni tí àwọn ará agbègbè náà gbà pé egungun ìka rẹ̀ wà ní ìlú Saint-Jean-de-Maurienne tí kò jìnnà sí wọn. Wòlíì tí a bẹ́ lórí ni wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe àmì ọ̀bẹ! N kò rò pé Opinel ro ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀ yẹn.

Darandaran òkè Savoie a máa fi ọ̀bẹ yìí gé búrẹ́dì, a máa fi gé wàràkàṣì, a máa fi gbẹ́ ọ̀pá, a máa fi gé okùn lọ́rùn ẹran. A nù ún mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, a sì ká a. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè pé kí ni ó ń fi ọ̀bẹ ṣe lápò, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í bi akọ̀wé pé kí ni ó ń fi kálámù ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò kò ga ju inú àpò ṣòkòtò lọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn tó bí ó ti rí lójú. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ènìyàn tí kì í ṣe alápatà, tí kì í ṣe ọdẹ, tí kì í ṣe akọ̀pẹ, máa gbé ọ̀bẹ kiri ní ojoojúmọ́ ayé rẹ̀? Bí ó bá sì ń gbé e, kí ni ó ń gbé gan-an? Ṣé irin iṣẹ́ ni, tàbí ohun ìjà, tàbí ohun ẹ̀ṣọ́ lásán?

Kí n má fi ohunkóhun pamọ́ fún òǹkàwé: èmi náà ń gbé ọ̀kan. Nọ́ńbà 8 ni, èyí tí gígùn irin rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.5, ọ̀rẹ́ kan ni ó sì mú un bọ̀ fún mi láti òkè òkun. Kí ó tó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kọ́kọ́ fún òun ní owó, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ní ilẹ̀ Faransé àti ní ọ̀pọ̀ ibi mìíràn ní Yúróòpù, wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá fi ọ̀bẹ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ ń gé okùn ọ̀rẹ́ náà ni. Owó yẹpẹrẹ tí ẹni tí a ta lọ́rẹ bá san ni ó ń sọ ẹ̀bùn di ọjà, tí ọ̀rẹ́ kò fi ní já. Mo fún un ní náírà márùn-ún. Ó wú mi lórí pé àwọn tí ó ń lo ọ̀bẹ bí ẹni lo ṣíbí, wọn kò gbàgbé pé ohun tí ó ń gé búrẹ́dì lè gé nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí á yà sí ibi tí ó rọrùn fún èmi tí mo ń fi èdè jẹun. Nígbà tí ìyá bá sọ fún ọmọ pé kí ó bẹ iṣu, tí ó sì ní kí ó mú ọ̀bẹ, etí mi ń gbọ́ ìró kan náà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó sì ń gbọ́ ọ nínú abẹ tí onígbàjámọ̀ fi ń fá orí pẹ̀lú. N kò ní fi ìró tí ó jọra dá ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣubú sínú kòtò yẹn nínú iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n kò sí àní-àní pé ilé ìdáná ni ọ̀bẹ ń gbé nínú èdè Yorùbá, ó sì sún mọ́ ọbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ fi lè ní kí a gbé ọ̀bẹ kaná. Idà, ọ̀kọ̀ àti ọfà ni ó ń gbé ojú ogun. Bí a bá wá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tí a ṣe fún gígún ènìyàn, a óò fi ọ̀rọ̀ kún un, a óò pè é ní ọ̀bẹ aṣóró. Èdè fúnra rẹ̀ mọ̀ pé irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ti kúrò nílé.

Àwọn baba wa kò sì fi irin mímú sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣáà ti wù. Abẹ wà lọ́wọ́ olóólà, ẹni tí ó bí i ni ó sì kọ́ ọ. Nígbà tí ó bá ń kọjá pẹ̀lú àpò rẹ̀ ní èjìká, àwọn ọmọdé a sá wọlé, nítorí wọ́n mọ ohun tí ó wà nínú àpò náà, wọ́n sì mọ ohun tí ó ń fi ṣe. Akọ̀pẹ ní tirẹ̀, alápatà ní tirẹ̀, ọdẹ ní tirẹ̀. Agbẹ́gilére a kọ́kọ́ fi àáké àti ẹdùn bẹ́ igi sí bátànì, a sì tún un lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan dídán àti fífín, ọ̀bẹ ni yóò mú. Irun orí, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ tí a ń rí lára àwọn ère Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí ó kú ní 2009, ojú ọ̀bẹ ni wọ́n ti jáde. Gbogbo ọ̀bẹ wọ̀nyí ní ìdí tí ará ìlú mọ̀. Ọ̀bẹ ní orúkọ ẹni tí ó ni ín kí ó tó ní ẹnu. Ó sì ní ẹ̀rí ọkàn pẹ̀lú: nílé ẹjọ́ wa, bí onígbàgbọ́ ti ń fi Bíbélì búra, tí Mùsùlùmí sì ń fi Àlùkùráánì búra, irin ni ẹlẹ́sìn Ògún ń fi ẹnu kàn. Irin tí ó lè pa ọ́ bí o bá purọ́ ni a fi ń dá òtítọ́ mọ̀.

Àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé ètò yìí. Ní Bàhíà àti níbòmíràn ní Bùràsíl, obé ni wọ́n ṣì ń pe ọ̀bẹ nínú ilé òrìṣà, axogun ni wọ́n sì ń kọ orúkọ aṣògún, òṣìṣẹ́ tí a yàn láti di ọ̀bẹ ẹbọ mú. Ní Kúbà, nínú ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà, ẹni tí a ti fi òrìṣà lé lórí, tí ó ti lo ọdún púpọ̀ nínú ẹ̀sìn, kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin títí a ó fi ṣe ètùtù kan tí wọ́n ń pè ní Pinaldo fún un. Ètùtù ọ̀bẹ ni. Ẹ wo bí ó ti rí: wọ́n lè fi òrìṣà lé ènìyàn lórí kí wọ́n má tíì fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Mo máa ń rántí èyí nígbàkúùgbà tí mo bá rí i tí wọ́n ń ta ọ̀bẹ kíká lórí àtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, láàrin bátìrì àti súìtì, fún ọmọ tí ó bá ti ní owó lọ́wọ́.

Ọ̀bẹ inú àpò kò ní ìdílé. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó ń fún ni láṣẹ rẹ̀, kò sí iṣẹ́ kan pàtó tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ó tún ní ìwà kejì tí ó mú un yàtọ̀ sí ọ̀bẹ ọdẹ tí ó wà nínú àkọ̀ ní ìbàdí níbi tí gbogbo ojú ti ń rí i: ó fara pamọ́. Ọ̀nà méjì ni a sì lè gbà túmọ̀ ìfarapamọ́ yìí. A lè sọ pé ìtìjú ni, pé ẹni tí ó ká ọ̀bẹ rẹ̀ sí àpò kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. A sì lè sọ pé ẹ̀tàn ni, nítorí pé ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ kò mọ̀ pé irin wà láàrin àwọn méjèèjì. N kò mọ bí ènìyàn ṣe lè fi ojú wo ọ̀bẹ nìkan kí ó mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Japan fi bí ọ̀rọ̀ yìí ti rújú tó hàn. Ní ìlú Miki, láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn alágbẹ̀dẹ ń ṣe ọ̀bẹ kíká kan tí wọ́n ń pè ní higonokami, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi gbẹ́ pẹ́ńsù, tí wọ́n sì ń fi gbẹ́ ohun ìṣeré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọkùnrin tí kò ní. Ní oṣù Kẹwàá 1960, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan fò sórí pèpéle níbi tí olóṣèlú kan, Inejiro Asanuma, ti ń sọ̀rọ̀ ní Tokyo, ó sì gún un pa lójú gbogbo ayé. Idà kúkúrú ni ó lò. Síbẹ̀ ìlú dìde pé kí ọmọdé má gbé irin mímú mọ́, higonokami tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì bá wọn lọ. Àgbẹ̀dẹ kan lẹ́yìn òmíràn ń kógbá sílé, títí ó fi ku ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ náà ní Miki. A lè bú àwọn ará Japan pé wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ idà jẹ ọ̀bẹ níyà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ní kí ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ máa ṣe ìyàtọ̀ láàrin irin àti irin?

Òdìkejì rẹ̀ ni ti Okapi. Ní 1902 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ kíká náà láti tà á fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ ìjọba wọn. Ó ní èèkù igi, ó sì pọ́ọ́kú lówó. Àwọn tálákà ni a ṣe é fún, bí Opinel ti ṣe tirẹ̀ fún àwọn tálákà Savoie. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń ṣe é. Àgbẹ̀ ń lò ó níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá dárúkọ rẹ̀ ní àwọn ìgboro ibẹ̀, tàbí ní Jàmáíkà níbi tí ó rìn dé, jàgídíjàgan ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn ènìyàn. Irin kan náà ni, igi kan náà ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn méjèèjì yóò sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ọ̀bẹ, pé ọwọ́ ni ó jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn ọ̀bẹ ń sọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Kò tíì parí o. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ọ́fíìsì mi láti bá mi gbé ìwé ìdánwò. Okùn ni a fi dì wọ́n. Mo yọ ọ̀bẹ mi sórí tábìlì, mo ṣì ń wá awò ojú mi.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín gé e, sà,” ó ní, ó sì yọ tirẹ̀. Ó tẹ nǹkan kan lára rẹ̀, irin sì fò jáde pẹ̀lú ìró kan tí ó mú kí ẹni tí ó ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bojú wolé. Ó gé okùn náà dáadáa.

“Kí ni o ń fi irú èyí ṣe?”

“Kò sí nǹkan kan, sà. Bóyá nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni.”

“Nǹkan bíi kí ni?”

“Ẹ mọ bí ìlú ti rí, sà. Wọ́n lè dá ènìyàn lọ́nà.”

“O ti fi bó ọsàn rí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọsàn kẹ̀, sà? Rárá o.” Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí tèmi lórí tábìlì. “Ẹ má bínú o, sà. Ẹ̀yin náà ń gbé ọ̀bẹ. Kí ni ó mú tiyín yàtọ̀?”

Ìbéèrè gidi ni, kì í sì í ṣe èyí tí a lè fi ipò olùkọ́ bò mọ́lẹ̀. Kì í ṣe gígùn ni ìyàtọ̀ wọn, nítorí tèmi gùn ju tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe mímú, nítorí mo ń pọ́n tèmi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé tèmi ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe lónìí, tirẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó ń retí. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú “bóyá” tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ọ̀bẹ nítorí bóyá ti bá ẹnìkan jà ná nínú ọkàn rẹ̀. Ojú ẹni náà nìkan ni kò tíì mọ̀. Ní àràárọ̀ tí ó bá sọ ọ́ sí àpò, ó tún ìjà náà jà. Bí mo bá sọ pé ìbẹ̀rù ọmọ náà kò ní ìdí, irọ́ ni mo pa. Àwọn ojú ọ̀nà wa kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í ṣe ohun tí a ń fi dáàbò bo ara ẹni láti òkèèrè. Àfi kí ènìyàn dúró, kí ó sún mọ́ ọ̀tá, kí ó fi ara kan ara. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní nǹkan lápò yóò sá. Èyí tí ó ní ọ̀bẹ yóò dúró.

Ìtàn Ògún ní Ìrè tún wá sí mi lọ́kàn, ìtàn tí a ti gbọ́ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í tẹ́tí sí i mọ́. Ògún ti ojú ogun dé. Ó bá àwọn ará ìlú lórí ìjókòó, agbè ẹmu wà níwájú wọn, kò sí ẹni tí ó kí i. Ó gbé agbè, agbè ṣófo. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ni ọjọ́ náà, òun kò sì mọ̀ tàbí kò rántí. Ó yọ idà, ó sì ń pa wọ́n lọ títí. Nígbà tí àṣírí tú sí i, kò sí ohun tí ó lè ṣe mọ́ ju kí ó wọlẹ̀ lọ. Àwọn kan ń fi ìtàn yìí kìlọ̀ ìbínú, àwọn kan ń fi kìlọ̀ ẹmu. Ní tèmi, ohun tí mo ń rí níbẹ̀ ni àkókò. Bí Ògún bá dúró díẹ̀ sí i, bí ó bá ní láti padà sílé lọ mú idà náà, ẹnìkan ìbá ti fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ rántí. Idà wà ní ìbàdí rẹ̀. Kò sí àyè láàrin kí inú bíni àti kí a ṣe é. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pátápátá fún àwọn tí ó ní ọwọ́ nìkan ni ó jẹ̀bi. Irin tí ó wà nítòsí a máa gé àkókò kúrú, bẹ́ẹ̀ ni nínú àkókò ni ènìyàn ti ń ronú.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà náà ohun tí ó dára jù lọ lára ọ̀bẹ inú àpò ni kíká tí a ká a. Láti ṣí tèmi, ọwọ́ méjèèjì ni mo gbọ́dọ̀ lò. N óò fi èékánná wọ ojú ihò kékeré tí ó wà lára irin, n óò fà á jáde, n óò sì yí òrùka irin tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ kí ó má baà padà ká. Ó ń gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹni tí inú ń bí kì í ní irú sùúrù yẹn. Ọ̀bẹ tí ó ń fò jáde bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ ti gba àkókò náà lọ́wọ́ olówó rẹ̀, kò sì sí ìdí tí a fi nílò irú ìyára bẹ́ẹ̀ fún ọsàn tàbí fún okùn. Àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí èyí láti 1959, nígbà tí wọ́n fi òfin de ṣíṣe àti títa irú ọ̀bẹ afòjáde bẹ́ẹ̀. Èyí ni mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó ní òun gbọ́, ó sì fi tirẹ̀ padà sí àpò.

Òfin náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn fún ẹni tí ó bá fẹ́ gba ojú ọ̀nà òtítọ́. Láti 1988, ó tọ́ lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ènìyàn gbé ọ̀bẹ kíká tí ẹnu rẹ̀ kò ju ínǹṣì 3 lọ kiri ìgboro. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí: iṣẹ́, ẹ̀sìn, tàbí aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn Sikh àti àwọn ará Scotland ń rí gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹjọ́ wọn túmọ̀ òfin náà pé ọ̀bẹ tí ó ní ohun tí ó ń dè é kí ó má ká, kì í ṣe ọ̀bẹ kíká mọ́. Òrùka tí ọmọ Opinel fi kún ọ̀bẹ baba rẹ̀ ní 1955, kí irin má baà padà gé ìka àgbẹ̀, ni ó sọ ọ̀bẹ náà di ohun tí ọlọ́pàá lè mú ènìyàn sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo lóye ìdí rẹ̀: ọ̀bẹ tí kò lè ká ni ó ṣeé fi gún ènìyàn láìbẹ̀rù. Síbẹ̀ ohun tí ó ń dáàbò bo ọwọ́ ni ó ń dá ọwọ́ lẹ́bi. Ní Amẹ́ríkà, títí di oṣù Kẹsàn-án 2001, ènìyàn lè gbé ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ kò tó ínǹṣì 4 wọ ọkọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, kò sí ẹni tí ó tún bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí ó ń fi tirẹ̀ ṣe.

Ìbéèrè ohun tí ó ń fi í ṣe ni òfin kò lè fi rúlà wọ̀n. Ní 27 oṣù Kọkànlá 2000, ní Peckham, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n pa Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò tíì pé oṣù mélòó kan tí ó ti Èkó dé ibẹ̀. Itan ni wọ́n ti ṣe é lọ́ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí ikú náà bí ikú ọ̀bẹ. Àfọ́kù ìgò ni. Àwọn tí ó ní ọ̀bẹ kò jẹ̀bi lè fi èyí gbe ọ̀rọ̀ ara wọn, n kò sì ní bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kò bójú mu kí a fi òkú ọmọ ẹlòmíràn gbe àríyànjiyàn wa. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé “bóyá” lè wọ inú ohunkóhun. Kò nílò alágbẹ̀dẹ.

Ó ku àwọn tí ń kó ọ̀bẹ jọ. Ní Bradford, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Case ti ń ṣe ọ̀bẹ àpò láti ọ̀rúndún tí ó kọjá sẹ́yìn, pẹ̀lú èèkù tí a fi egungun màlúù ṣe, tí a gbẹ́ ojú rẹ̀ ní kóńdókòǹdò kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́. Ní 1970 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àmì tóótòòtó mẹ́wàá sí ìdí irin, wọ́n sì ń yọ ẹyọ kan kúrò lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá mọ àmì náà kà yóò mọ ọdún tí a ṣe ọ̀bẹ, bí ẹni tí ó mọ ilà kà ṣe ń mọ ìlú ènìyàn. Mo gbádùn irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní iyì. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láàrin àwọn akọ́bẹjọ tí ó ń jọ mí lójú: ọ̀bẹ tí a kò lò rí, tí a kò pọ́n rí láti ọjọ́ tí ó ti jáde, òun ni ó níye lórí jù. Bí o bá pọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, owó rẹ̀ ti já.

Àwa náà ń kó irin jọ. Ẹ lọ wo ojúbọ Ògún èyíkéyìí: àdá tí ó ti ṣẹ́, ọkọ́ tí ó ti jẹ tán, ọ̀bẹ tí a ti pọ́n títí tí ó fi tín-ín-rín bí ewé koríko, àti lóde òní ẹ̀yà ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti dípẹtà. Gbogbo wọn ni ó ti ṣiṣẹ́ parí. Irin tí ó ti parí iṣẹ́ ni a kó síwájú Ògún. Irin tí kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rí ni akọ́bẹjọ tẹ́ sínú àpótí. N kò ní sọ pé ìwà búburú ni. Kò sí “bóyá” kankan nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ olówó ńlá jà. Ó kàn ṣòro fún mi láti pè é ní ọ̀bẹ ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó lo ọdún púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní wọn tó ọgọ́ta nínú àpótí tí a fi àrán tẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tí mo kí i kẹ́yìn, ó kó wọn jáde fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi aṣọ dì wọ́n mú kí òógùn ọwọ́ má kàn wọ́n. Ọsàn wà nínú abọ́ níwájú wa. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀kan kí n fi bó o.

“Tísà, o ò ní pa mí,” ó ní. “Bí omi ọsàn bá kan eléyìí, ìdajì owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn.”

Mo yọ tèmi, èyí tí omi ọsàn ti sọ irin rẹ̀ di dúdú láti ọjọ́ pípẹ́. A jọ jẹ ọsàn náà. Ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó padà wá pa àpótí rẹ̀ dé.